Bẹ́ẹ̀ Ni Tí Màámi Fi Orí Sọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, lẹ́tà sí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ.

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màámi, èmi ni mò ń bá wọn ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Àpáta tó wà lápá Àríwá níhìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pe àwọn àgbà ẹbí jọ. Ó bi Màámi níwájú wọn bóyá kí ìyàwó òun gba ṣọ́ọ̀bù náà. Màámi mi orí sókè sódò. Ọ̀rọ̀ parí. N kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mò ń bọ́ Màámi láì wojú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ tí kò ráàyè, èmi ni mo lọ. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní kọ̀ǹpútà kan, ó dà bí tẹlifísàn kékeré. Àwòrán ife yọ lójú rẹ̀. Obìnrin náà fi Haúsá, tí Màámi gbọ́ dáadáa, béèrè bóyá ife ni. Màámi mi orí sókè sódò. Àwòrán ewúrẹ́ yọ, ó tún béèrè bóyá ife ni. Wọ́n tún mi orí bákan náà. Nígbà tí àwòrán méjì wá yọ pọ̀, tó ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì abẹ́ àwòrán ife, ó ṣe é léraléra, wọn ò ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní ká má gbára lé orí wọn, gbogbo ìbéèrè ni wọ́n ń mì ín sí. Ọwọ́ wọn ni ká máa wò. Ẹnu yà á pé n kò mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbé wọn wá ló ti sọ fún un, tipẹ́tipẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó pe ẹbí jọ.

Nírọ̀lẹ́, mo wo ilẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ mọ̀ pé Màámi ò mọ ohun tí wọ́n ń mi orí sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Hàbà! Ìwọ oníwèé mẹ́rin yìí, o ti di dókítà? Orí tó ti mì ti mì. Ìyàwó mi á bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ló ń bá mi sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé fọ́tò mi àti ti ìyàwó rẹ̀ síwájú Màámi, mo bi wọ́n ta ni kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé tèmi. Mo pààrọ̀ ààyè fọ́tò méjèèjì, mo tún béèrè. Tèmi náà ni. Mo fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná mu, mo sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ìyàwó rẹ̀ tó dé.