Oyèbọ́lá Tú Ẹ̀rọ Tó Ń Ké

Nígbà tí ìjọba sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wọ̀lú bí omi. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì kó ìyàwó dé, ẹni tó sì fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tó rún. Ibẹ̀ ni Oyèbọ́lá ti rí iṣẹ́. Aránṣọ ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó tẹ̀lé Láyíwọlá, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, wá sí Fadikpe ní Minna, ó rí i pé télọ̀ ti pọ̀ jù ládùúgbò, ló bá kúkú ń bá àwọn àlejò wọ̀nyí fọṣọ, tó ń bá wọn lọ̀ ọ́.

Òjò ni ọ̀tá iṣẹ́ náà. Tí òjò bá ti dá wọlé, aṣọ á wà lórí okùn títí tí yóò fi máa rùn. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílùú rẹ̀, Oyèbọ́lá ra ẹ̀rọ tó fi ń mú aṣọ gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpótí irin funfun ni, àgbá ńlá kan ń yí nínú rẹ̀. Bí aṣọ bá ti ń yí pẹ̀lú àgbá, atẹ́gùn gbígbóná á máa fẹ́ sí i. Oyèbọ́lá gbé e sẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù tó fara ti ògiri aládùúgbò.

Ó fi òjò ọdún kan ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀. Lọ́dún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó kọ́kọ́ ń kùn lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó di gbì-gbì-gbì, bí ìgbà tí èèyàn ń yí òkúta nínú garawa. Sàlíhátù, aládùúgbò tí ògiri náà pààlà láàárín wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi Hausa kí Oyèbọ́lá, ó béèrè ará ilé, ó béèrè iṣẹ́, kó tó wá sọ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń ké, ọmọ òun náà á bá a ké. Oyèbọ́lá ní “Haƙuri,” kó ṣe sùúrù, ó sì ṣèlérí pé òun á wá nǹkan ṣe sí i.

Nígbà tí Láyíwọlá ti ilé ìwé dé, ó ní kí wọ́n ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀rọ òyìnbó ni. Ta ló máa bá ọ tún un ṣe ní Minna?”

“Èmi náà ni,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. “Máṣíìnì ìránṣọ mélòó ni mo ti tú lójú yín? Ohun tó bá ń yí tó sì ń ké, ibì kan ló ń dùn ún. Ẹ jẹ́ kí n wá ibẹ̀ ná.”

Láyíwọlá mọ ẹni tó fẹ́. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó wá ràn án lọ́wọ́.

Oyèbọ́lá kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Ó ki pákó bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan; ẹ̀rọ náà dúró ṣinṣin, àmọ́ ariwo ò yí padà. Ló bá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ó kó aṣọ jáde, ó tú ara rẹ̀. Èérún aṣọ ya sílẹ̀ bí òwú. Bẹ́líìtì tó ń fa àgbá kò ní àléébù kankan. Ó yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ́ńjìnnì má baà lọ́wọ́ sí i mọ́, ó wá fọwọ́ yí àgbá náà nìkan. Gbì, gbì. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ṣẹ̀ nìyẹn.

Ó ní kí ọkọ òun bá òun gbé àgbá náà sókè. Wíìlì kéékèèké méjì ló gbé e ró. Ara ọ̀kan le koko. Rọ́bà ti èkejì ti jẹ lápá kan, irin ló sì ń ha irin.

“Òun rèé,” ni Oyèbọ́lá wí. “Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.”

Ó mú wíìlì náà lọ sí Tudun Wada, sọ́dọ̀ Àlàbá tó ń lẹ táyà. Àlàbá gé rọ́bà, ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kí aṣọ àkọ́kọ́ tó gbẹ, ooru ti yọ́ gúlúù, rọ́bà ṣí, ariwo padà, òórùn sì gba ara ẹ̀wù oníbàárà kan tó funfun báláú. Oyèbọ́lá tún ẹ̀wù náà fọ̀, ó padà sí Tudun Wada. Àlàbá fẹ́ fi gúlúù tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ lẹ̀ ẹ́. Oyèbọ́lá ní rárá. Ó rántí òrùka rọ́bà kékeré tó máa ń wà níbi tí máṣíìnì ìránṣọ ti ń ká òwú: kò sí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́, fífún ló fi ń di ibẹ̀ mú. Ó ní kí Àlàbá gé òrùka lára rọ́bà inú táyà lọ́rì, kó kéré ju wíìlì lọ, kí wọ́n fi tipátipá fà á wọ̀ ọ́. Méjì ni wọ́n fi wọ̀ ọ́, ọ̀kan lórí èkejì. Nígbà tó délé, ó nu ojú irin tí wíìlì ń yí lé, ó kán òróró máṣíìnì sí i, ó nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò kó má baà ta sáṣọ, ó to gbogbo rẹ̀ padà.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìró atẹ́gùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Láyíwọlá gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ náà, ó mi orí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Sàlíhátù gbé ọmọ pọ̀n wá. Kò gbọ́ ariwo láti ọ̀sán, ó rò pé ẹ̀rọ náà ti kú pátápátá ni, ojú sì ń tì í pé ẹjọ́ òun ló pa á. Oyèbọ́lá fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, ó ní kó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná, ó ń yí, ọmọ ò sì jí.

“Ìlédìí ọmọ dà?” ni Oyèbọ́lá bi í. “Kó wọn wá, kí n bá ọ mú wọn gbẹ kí òjò tó tún dé.”