Àga Jìtá àti Ìbàdí Mi

Ẹni tí ìbàdí ò dùn rí kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ni ìjókòó. Èmi náà ò mọ̀, àfi ìgbà tí mo jábọ́ láti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ń kó àwa ẹgbẹ́ akọrin bọ̀ láti òde ìsọjí kan. Ọdún 1987 ni àbí 1988, ó ti dàrú mọ́ mi lójú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo fi máa kúrò ní ọsibítù, dókítà ti sọ fún mi pé kí n má ṣe dúró pẹ́ mọ́, kí n má sì gbé jìtá kọ́ ọrùn mọ́. Mo bi í pé ṣé kí n máa jókòó ni. Ó ní kí n má jókòó pẹ́ náà. Mo tún bi í pé kí ni kí n wá máa ṣe. Ó ní kí n máa ṣọ́ra.

Ìjọ Aládùúrà wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ta jìtá láti ìgbà èwe mi. Ẹni tó bá mọ ìsìn wa mọ̀ pé kì í ṣe ìsìn ọ̀lẹ. A ó dúró, a ó jó, a ó kúnlẹ̀, a ó tún dìde, oòrùn á yí, a ò tíì ṣe ìkéde. Lọ́jọ́ tí mo padà sídìí jìtá mi, orin kejì ni mo ti lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ olórí wa, pè mí lẹ́yìn ìsìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dunni.

Ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ò lè máa wo ojú ìbàdí ẹnì kan. Ẹni tí ò bá lè parí ìsìn, kó wá jókòó sáàárín ìjọ, kó máa ṣe àmín.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mo délé, mo sunkún. Mo ní ìyàwó àti ọmọ, mo sì ní iṣẹ́ akọ̀wé tí ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n nídìí jìtá nìkan ni mo ti máa ń rántí pé èèyàn kan ni mí. Tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó kù.

Àfi bíi pé Ọlọ́run gbọ́. Ọmọ ìjọ wa kan ti ìlú òyìnbó dé, ó sì fi jìtá kan ta ìjọ lọ́rẹ. Kì í ṣe jìtá àgbékọ́rùn. Ó dà bíi tábìlì kékeré, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, okùn irin tẹ́ rẹrẹ lórí rẹ̀. Àtẹ̀mọ́lẹ̀ wà nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀, àwọn ọ̀pá irin sì rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ tí orúnkún yóò máa tì sọ́tùn-ún àti sósì, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé òkè ni wọ́n ń gbé e. Ọwọ́ òsì á máa fa irin dídán kan lórí okùn. Ohùn rẹ̀ máa ń fà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sunkún tí inú rẹ̀ sì dùn. Àwọn olórin jùjú ti ń lò ó, stíìlì ni wọ́n ń pè é, a sì ti gbọ́ ọ nínú rédíò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí nínú ìjọ wa. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ láìtíì gbọ́ ohùn rẹ̀ nítòsí ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró ta á. Ìjókòó ni.

Òrùlé ìjọ la ń tún ṣe lásìkò yẹn, Bàbá Ìjọ sì ní kí n gbé e lọ sílé kí òjò má bàa pa á, kí n sì kọ́ ọ. Ó ní ìsìn ìkórè àpapọ̀ ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. “Bó o bá ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dópin, tìẹ ni àyè yẹn. Bí ò bá ṣeé ṣe, àá wá ẹlòmíì.”

Ọkùnrin kan tó ń ta á nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wá sílé wa kọ́ mi. Orin ò ṣe mí ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, torí etí mi ti mọ orin. Ibi tí màá gbé ìdí lé ni mi ò mọ̀. Ẹni tó fi jìtá tọrẹ kò fi àga tì í.

Mo kọ́kọ́ jókòó sórí àga onítìmùtìmù ní pálọ̀ wa. Apá àga ń gbá mi nígunpá. Mo gba àpótí ìdáná ìyàwó mi, ó rẹlẹ̀ débi pé mò ń na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ ká ọsàn. Ìyàwó mi ní kí n dá àpótí òun padà, olówó orí òun, àbí òun á máa dúró dáná ni? Mo dojú kéèsì mínírà dé, mo fi aṣọ tẹ́ ẹ, etí rẹ̀ gé mi nítan títí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi kú. Mo wá yá àga onígbàjámọ̀, èyí tó máa ń yí. Ó rọ̀, ó ga tó, mo ti ń dúpẹ́. Mo fi orúnkún ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, èmi àti àga bá jọ yí sọ́tùn-ún, mo dojú kọ ògiri, jìtá wà lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Gbogbo ayé sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìdí mi. Ẹni tó ń kọ́ mi ní etí àga ni kí n máa jókòó sí, kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ní rárá, kí n jókòó wọnú pátápátá, kí n sì fẹ̀yìn ti nǹkan. Mo fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ò tó okùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní fóòmù tó nípọn ni kí n wá. Nọ́ọ̀sì ní fóòmù ló máa pa mí, pákó lásán ni kí n lò. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ló fẹ́ sọ èmi di wèrè. Ìbàdí mi alára ò ní ọ̀rọ̀ kan. Àga tó tù mí lára láàárọ̀ yóò máa gún mi nírọ̀lẹ́, èyí tí mo sì ti gbé sọnù á wá máa wù mí jókòó sí.

Nígbà tó rẹ̀ mí, mo ké sí káfíńtà kan. Mùsùlùmí ni, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ó bá mi nílé bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò tíì bọ́ aṣọ ọ́fíìsì.

Ó ní, “Aládùúrà, jókòó jẹ́ n wò ẹ́. Mo rò pé ijó nìkan lẹ máa ń jó níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà ń jókòó?”

Mo ní, “Gé igi ẹ, jàre.”

Ó gbé àga kan tí kò ní apá wá. Ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, mo jókòó. Mo ní ó ṣì ga. Ó tún gé díẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀ bóyá ó ti tó. Ó ní kí n yáa tètè mọ̀, torí igi tí òun bá ti gé, òun ò lè bẹ̀ ẹ́ kó padà. A wà lẹ́nu ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tó yá, ó gé ẹsẹ̀ iwájú kúrú ju ti ẹ̀yìn lọ, ó tẹ́ fóòmù fẹ́lẹ́ sórí pákó, ó fi awọ bò ó. Mo jókòó, mo ta jìtá títí oúnjẹ mi fi tutù. Ìbàdí mi ò sọ nǹkan kan. Mo dìde, mo dì mọ́ ọn, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé mò ń làágùn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ni mo ń bọ́ sórí àga yẹn. Lọ́jọ́ ìkórè, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí bọ́ọ̀sì, orí itan mi ló wà láti Ọ̀yọ́ títí a fi kọjá Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a sì yà sọ́nà ìjọ. Inú ilé ìsìn ti kún. Iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè ga níwájú pẹpẹ. A wọlé bí a ṣe máa ń wọlé, wọ́n to ohun èlò, wọ́n fọn ìpè, mo sì jókòó.

Àga ti ga.

Àga náà ni, jìtá náà ni, èmi náà sì ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa ò bára mu mọ́. Orúnkún mi ò kan ọ̀pá tó yẹ kó gbé sókè. Mo ní láti na ẹsẹ̀ kí n tó tẹ ohun tí mo ti ń tẹ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn nílé. Mo fi ìdí rọ́ síwájú, ìbàdí mi pariwo. Mo fi rọ́ sẹ́yìn, orin sá kúrò lọ́wọ́ mi. Ṣé fóòmù ló wú lójú ọ̀nà ni? Ṣé ẹnì kan ti pààrọ̀ àga mi nígbà tí mo lọ tọ̀? Mo wo abẹ́ rẹ̀, àmì eyín ayùn ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Nínú ìjọ tiwa, àga kì í dédé ga. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tó lè máa bá mi jà. Mo na ọwọ́ sí omi àdúrà tó wà nítòsí, mo wọ́n ọn sára àga, mo dárúkọ Jésù lé e lórí. Omi ò mú un rẹlẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí ìdí mi tutù ni.

Bàbá Ìjọ ń wò mí láti ibi pẹpẹ. Ojú rẹ̀ ò bínú, ó kàn ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Orin kẹta là ń kọ nígbà tí irin àtẹ̀mọ́lẹ̀ gé mi lẹ́sẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ láti mọ ohun tó gé mi. Ìka ẹsẹ̀ mi ni mo rí.

Láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn ni mo ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé mi ò kà á sí ohun tí mò ń ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n nílé, bàtà ọ́fíìsì mi ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ mi, gìgísẹ̀ rẹ̀ nípọn bí àṣà ìgbà yẹn, òun náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí káfíńtà ń gé igi. Kì í ṣe àga ló ga. Èmi ni mo kúrú.

Mi ò lè wọ bàtà níbẹ̀, kódà bí ìbàdí mi bá máa já. Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, mo rí ìyàwó mi, mo ń ṣẹ́jú sí i, mò ń fi àgbọ̀n júwe ẹsẹ̀ mi. Ó rò pé ebi ló ń pa mí, ó na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè. Mo mi orí. Ó rò pé mo fẹ́ tọ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbé ẹsẹ̀ lásán sókè láàárín orin, mo fi gìgísẹ̀ hàn án. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ojú rẹ̀ ṣí. Ó gbé ọmọ sí itan, ó tú ọ̀já, ó ká a nípọn. Obìnrin kì í kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin nínú ìsìn wa, torí náà ọ̀já ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn ìyá ń bi ara wọn léèrè ohun tí akọrin fẹ́ fi ọ̀já ṣe, títí olùtọ́jú èrò fi sọ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fi gìgísẹ̀ méjèèjì lé e.

Orúnkún mi kan ọ̀pá. Jìtá ké. Mi ò rántí gbogbo orin tí a kọ lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé wọ́n jó dé iwájú mi, pé oòrùn yí, pé nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, èmi nìkan ni mo jókòó, mò ń fa ohùn náà jẹ́jẹ́ lábẹ́ àdúrà, ara sì tù mí bí kò ṣe tù mí láti ọjọ́ tí mo ti jábọ́. Wọ́n ka oore-ọ̀fẹ́. Ìsìn parí.

Mo ní kí n dìde, ìbàdí mi kọ̀.

Kò dùn mí. Ohun tó rú mi lójú jù nìyẹn. Kò dùn mí rárá, ó kàn kọ̀ jálẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ń tún okùn ṣe títí ilé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ṣé mo ti borí ni àbí mo ti pàdánù? Mo parí ìsìn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n akọrin wo ni ò lè dìde kúrò nídìí orin ẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí, ìtìjú sì mú mi.

Bàbá Ìjọ wá dúró tì mí. Ó ní, “Dìde ká lọ, bọ́ọ̀sì ń dúró.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè dìde.”

Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó pe mẹ́ta nínú àwọn ọkùnrin tó kù, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga kan mú. Wọ́n gbé èmi àti àga pọ̀ nílẹ̀. Mò ń bẹ̀ wọ́n pé ó tó, pé kí Bàbá fi sílẹ̀, àgbà kì í ru ọmọdé. A jáde sínú oòrùn, àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ rí wa, wọ́n dá orin sílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń yẹ́ mi sí ni tàbí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ máa wá ẹlòmíì ni?”

Ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, “Ẹlòmíì wo? Bí n bá fẹ́ wá ẹlòmíì, ṣé èmi àgbàlagbà yìí ni mo máa máa ru ìwọ tòun ti àga káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́?”

Ó ní kí n di àga mú dáadáa.