Fitẹ́ẹ̀sì Kẹ̀kẹ́ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Maourey, àdúgbò kan ní Niamey, ni inú kan bí mi, inú ọ̀hún ò sì tíì rọ̀ di òní. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, irun funfun ti yọ sí mi lórí, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn, á dà bí ẹni pé lánàá ni. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á mọ̀ pé n kò sọ àsọdùn.

Aṣọ ni bàbá wa ń tà ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà. Ìlọrin ni wọ́n ti wá, Yorùbá àti Haúsá ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan, Faransé ẹnu wọn ò ju ti ọjà lọ. Àwa ọmọ la lọ sí ilé ìwé Faransé. Iṣẹ́ ilé tèmi ò kéré. Kí oòrùn tó yọ, mo ti pọn omi láti ibi ẹ̀rọ, mo ti gbá àgbàlá tí yanrìn kì í jẹ́ kó mọ́, mo ti bá ìyá mi bó ẹ̀wà àkàrà. Ọwọ́ mi á máa rùn fún àlùbọ́sà dé inú kíláàsì. Ilé ìwé jìn, ẹ sì mọ oòrùn Niamey. Ìgbà tí bàbá wa gbé kẹ̀kẹ́ àlòkù kan wá fún mi láti ọjà Katako, mo sunkún ayọ̀.

Kẹ̀kẹ́ oní-jíà ni. Àwa ọmọ Niamey kì í pè é ní jíà o, fitẹ́ẹ̀sì là ń pè é, bí àwọn tíṣà wa ṣe ń pè é ní Faransé. Irin pẹlẹbẹ kan wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí a máa ń fi àtàǹpàkò tì. Bí o bá tì í síwájú, ẹsẹ̀ á fúyẹ́, wàá lè gun òkè. Bí o bá dá a padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á le, eré á pọ̀.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ wèrè. Màá ti irin náà síwájú, kí n tó dé kọ́nà ó ti yọ̀ padà fúnra rẹ̀, ṣéènì á fò, ẹsẹ̀ mi á já sófo. Mo kọ́kọ́ rò pé ṣéènì ló dọ̀tí, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí òórùn rẹ̀ fi bá mi dé ìdí oúnjẹ. Kò gbọ́. Mo ní wáyà rẹ̀ ló dẹ̀, mo fà á le. Kò gbọ́. Mo wá tú irin náà gan-an. Yanrìn ló dà jáde, àwọn eyín wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tó yẹ kó dì í mú ti jẹ tán. Mo fi rọ́bà táyà dè é, ó tún yọ̀. Tuntun ló kù, bàbá wa nìkan ló sì lè rà á.

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ tùwó tán. Mo ní, "Bàbá, fitẹ́ẹ̀sì kẹ̀kẹ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ó kàn ń lọ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

Lẹ́nu ọlọ́pàá ojú títì àti èrò takisí ni bàbá mi ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní tiwọn, fitẹ́ẹ̀sì ni eré àsápajúdé. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé mò ń sáré débi pé apá mi ò ká a mọ́. Ojú wọn yí padà. Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ní kí n panu mọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sínú yanrìn àgbàlá, kí n ká ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn tí a jọ ń ṣe sùwè sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi fún Sàká, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, pé òun ló ní làákàyè. Sàká tí ń bá takisí díje! Mo ṣáà kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ irin yẹn, ó ní owú ló ń jẹ mí. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé.

Sàká gùn ún lọ sétí Odò Ọya. Bó ṣe ń gun òkè bọ̀, ó dìde dúró lórí pẹ́dà, irin náà yọ̀, ṣéènì fò, ẹnu rẹ̀ sì balẹ̀ sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Eyín iwájú rẹ̀ kán. Bàbá mi wá yíjú sí èmi, pé kí ló dé tí n ò sọ pé kẹ̀kẹ́ náà ti bàjẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Mo wọ́ kẹ̀kẹ́ náà wá síwájú wọn, mo gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, mo ń fọwọ́ yí pẹ́dà. Mo ní, "Fitẹ́ẹ̀sì nìyí, Bàbá. Ẹ wo bó ṣe ń lọ fúnra rẹ̀."

Irin náà yọ̀ lójú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí ọjọ́ tó tún yí ká, ìtàn náà ti kárí ìsọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Grand Marché. Wọ́n ra irin tuntun ní Katako, kẹ̀kẹ́ dára, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún Sàká, pé ó ti fi eyín rà á. Ìyá mi bu àkàrà gbígbóná fún mi, wọ́n ní kí n gbàgbé, ṣebí bàbá mi ni. N ò fẹnu kan àkàrà ọ̀hún.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ irú ìyà yẹn. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí o rí, wọ́n á yà á sínú fóònù, wọ́n á gbé e sí ọ lójú. Bí o bá pariwo, wọ́n á ní kí o jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀ tán. Ní tiwa, bí àgbà bá ti dájọ́, ó parí nìyẹn, ẹnu ta ló gbà á?

Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, bàbá mi tún sọ ìtàn fitẹ́ẹ̀sì níwájú gbogbo ilé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Sàká náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn gbójú sókè, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ wá bẹ màmá mi?"

Bàbá mi ní kí wọ́n bu omi wá fún àwọn. Mo dìde, mo bu ú wá. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi mu ún tán, wọ́n sì dá ife padà fún mi.