Oníkànrìnkàn àti Alábẹ́rẹ́

Ní Ìsẹ́yìn, bí obìnrin bá sọ pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa wẹ arúgbó fún owó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn yóò ti máa sọ pé ogún ló ń wá. Wọ́n sọ ọ́ nípa Fàtímọ̀ títí tó fi sú wọn. Opó ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, nígbà tí ìyá náà sì kú, àwọn tí ọmọ wọn ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń po ẹ̀kọ fún wọn, ó ń mú wọn jókòó sínú oòrùn àárọ̀, ó sì ń gbọ́ ìtàn kan náà nígbà ogún láìsọ pé òun ti gbọ́ ọ rí. Kò mọ oògùn, kò sì pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1984 ni Mọ́ládé dé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kan pátákó mọ́ iwájú ilé rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì ń yá àwọn obìnrin Ṣakí àti Ògbòòrò ní orúkọ náà, pé kí wọ́n kan irú pátákó kan náà, kí wọ́n wọ aṣọ funfun kan náà, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ bí òun ṣe ń ṣe é. Ó wá bá Fàtímọ̀ náà. Ó ní abẹ́rẹ́ àti oògùn ni ti òun, kànrìnkàn àti oúnjẹ ni ti Fàtímọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ orúkọ kan, kò sí arúgbó tí yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Fàtímọ̀ ní òun yóò rò ó. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ní kí o wá jẹ́ orúkọ òun, ilé rẹ ló fẹ́ gbà.

Orí Ìyá Mùstàfá ni wọ́n ti wá pàdé. Òwú ni ìyá yìí ń ran láti kékeré, kí àrùn ẹ̀gbà tó mú ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí Fàtímọ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyá tó bí i. Mùstàfá, ọmọ rẹ̀ tó ń ta pákó ní Ìbàdàn, mú Mọ́ládé kún un kó máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sọ fún àwọn méjèèjì pé agbára òun kò gbé ènìyàn méjì. Bí ààwẹ̀ bá parí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá hàn lára ìyá òun ni òun yóò dì mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ ara wọn.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ààfáà ti sọ pé aláìsàn kì í gbààwẹ̀, pé kí Mùstàfá máa bọ́ aláìní dípò ìyá rẹ̀. Ìyá ní òun ti gbọ́. Láràárọ̀, Fàtímọ̀ á gbé ẹ̀kọ àti kóró oògùn Mọ́ládé síwájú rẹ̀, á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó yòókù. Bó bá padà dé, abọ́ á ti mọ́. Síbẹ̀ Ìyá ń gbẹ. Ní ọjọ́ karùn-ún, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Mọ́ládé gbé abọ́ ẹ̀kọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bi Fàtímọ̀ bóyá Ìyá nìkan ló ń jẹ oúnjẹ Ìyá. Ọ̀rọ̀ náà dun Fàtímọ̀ wọ egungun. Òun tó wà lẹ́nu ààwẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ arúgbó pè lólè. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kí oògùn yìí tó wọlé, ṣé òòyì ń kọ́ Ìyá? Àbí obìnrin yìí fẹ́ dá Ìyá dùbúlẹ̀ kó lè sọ pé ẹ̀kọ ni kò tó? Láti ọjọ́ tó tẹ̀lé e ló ti ń da kóró oògùn náà sí ṣáláńgá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó ṣe bí ẹni tó ti lọ, ó sì yí gba ẹ̀yìnkùlé kó lè ká Mọ́ládé mọ́ ibi tó ti ń fi nǹkan sí oúnjẹ. Mọ́ládé kọ́ ló rí. Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá ló yọ láti ojú fèrèsé, ó ń gbọ̀n, ó mú abọ́ ẹ̀kọ dání, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹnu àgbò tí Mùstàfá so síbẹ̀ de Iléyá. Àgbò náà lá a mọ́ féfé. Abájọ tó fi ń sanra.

Fàtímọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá kò sẹ́.

"Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń gbà á," ó ní. "Ẹlòmíì ò lè máa jẹun kó di ààwẹ̀ tèmi."

Fàtímọ̀ béèrè oògùn. Ìyá ní òun máa ń dì í sí ìṣẹ́tí ìró, òun á sì lò ó lẹ́yìn ìṣínu. Ìgbà tí kò wá mọ́, òun rò pé nọ́ọ̀sì ló ní kó dúró.  Fàtímọ̀ jókòó sílẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ṣáláńgá ni òun ń dà á sí. 

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Mùstàfá ti Ìbàdàn dé, tòun ti Mọ́ládé. Mọ́ládé wọn ẹ̀jẹ̀ Ìyá, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ga bí ti ẹni tí kò fojú kan oògùn rí. Ó yíjú sí Fàtímọ̀.

"Fàtímọ̀, ta ló ń fún Ìyá lóògùn?"

 Ìyá ló fọhùn.

"Èmi ni mo ń dà á nù. Ojoojúmọ́ ni Fàtímọ̀ ń gbé e fún mi."

Mọ́ládé wo Fàtímọ̀ pẹ́. Kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe arúgbó ní òpùrọ́ níṣojú ọmọ rẹ̀? Ìyá wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Fàtímọ̀, bu omi fún mi. Irọ́ ti ba tòní jẹ́."

Mùstàfá kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí. Fàtímọ̀, tó mọ̀ pé ààwẹ̀ ló ń wí, bu omi, Ìyá sì mu ún tán lójú oòrùn ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìtúnu, Fàtímọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ gba aṣọ funfun lọ́wọ́ Mọ́ládé, àwọn méjèèjì sì di orúkọ kan. Títí Ìyá fi kú, àtẹ́lẹwọ́ Ìyá ló ń fi kóró oògùn sí, kò sì kúrò níbẹ̀ títí Ìyá á fi gbé e mì. Mọ́ládé kò bi í ní nǹkan kan, òun náà kò sọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí gbogbo ayé bá ti túnu tán, Fàtímọ̀ máa ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan sí i. Bí wọ́n bá bi í pé ti ta ni, á ní ti Ìyá Mùstàfá ni.