Ẹ̀rọ Omi Tí Wọ́n Fẹ́ Ṣí Lẹ́ẹ̀kejì

Ìmọ̀ nípa àwókù ìlú àtijọ́ ni mo kà ní yunifásítì. Ní Àpápá, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, ìwúlò rẹ̀ ò ju pé mo tètè ń dá ohun tó ti bàjẹ́ mọ̀. Mo rí ọ̀kan ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, tuntun ni.

Wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi fún wa. Lọ́jọ́ tí káńsílọ̀ wá ṣí i, omi tú yàà, wọ́n ya fọ́tò. Ìyá mi tí orúnkún ń dùn fi bọ́jú, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ mẹ́ruwà tó ń ta omi fún wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Mo lọ yẹ ìdí táǹkì wò: kò sí kànga, kò sí páìpù kankan tó wọ ilẹ̀. Ọkọ̀ táńkà ló ti rọ omi sínú rẹ̀ kí àlejò tó dé.

Mo lọ bá baba alága àwọn onílé. "Ẹ kú ilé, sà. Ẹ̀rọ yẹn ò lómi."

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ. Wọ́n ti ṣí i fún wa, o tún ń bèèrè omi?"

Inú bí mi. Mo yọ fóònù, mo fi ibi omi àwọn Ìnkà ayé àtijọ́ hàn án, lórí òkè ní Peru: omi ìsun tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ darí, tó ń dà láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì. "Àwọn náà kọ́ ọ fún ayẹyẹ o, baba. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ wá omi."

Baba wò ó dáadáa. "Ọba tó kọ́ ọ ńkọ́?"

"Ó ti kú, sà. Ìjọba wọn pàápàá ti pa rẹ́."

"Omi yẹn ṣì ń dà?"

"Ó ń dà títí dòní."

Ó mirí. "Ta wá ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Síbẹ̀, ó ní kí n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí òun. Mo rò pé mo ti borí. Mo fi fọ́tò àwọn Ìnkà han ìyá mi, mo sọ fún un pé omi ń bọ̀.

Àwọn bíríkìlà ló dé. Wọn ò gbẹ́ kànga o. Àtẹ̀gùn olókúta ni wọ́n ń mọ yí ẹ̀rọ gbígbẹ náà ká, bó ṣe wà nínú fọ́tò mi gẹ́lẹ́, torí káńsílọ̀ ń bọ̀ wá ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Baba alága ní kí n múra ọ̀rọ̀ ṣókí sílẹ̀ nípa àwọn Ìnkà.

Afẹ́fẹ́ kì í po sìmẹ́ǹtì, àwọn bíríkìlà nílò omi. Láàárọ̀ àná, mẹ́ruwà wa ń ti ọmọlanke kọjá, kẹ́ẹ̀gì omi kún inú ẹ̀. Ìyá mi pè é.

"Mama, no vex. Na your tap I dey carry am go. Dem don book me."

Ìyá mi wo kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wá wò mí.

"Ọmọ mi, àwọn èèyàn inú fóònù ẹ yẹn, ṣé wọn ò lè fún mi ní kẹ́ẹ̀gì kan?"