Ara Mọ́tò Mi Wà ní Dagenham, Ẹ́ńjìnì Rẹ̀ Wà ní Apapa

Ara mọ́tò mi wà ní Dagenham, ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà ní èbúté Apapa. Kò sí jàǹbá ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí olè. Àwọn èèyàn rere ló gbé e lọ, wọ́n sì rọra gbé e.

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín, torí àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi ti bù mọ́ ọn. Èmi tí mo ti ń kọ ìròyìn bọ̀ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé, tí mo ti da ìbéèrè bo àwọn olóṣèlú títí wọ́n fi ń làágùn, èmi náà ni ìròyìn wá já lé lórí lóṣù tó kọjá, ní Goresbrook ní Dagenham níbí.

Ta ló ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀? Aládùúgbò mi ni, òyìnbó arúgbó kan tó ń jẹ́ Ron. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ di Bàbá Ron, òun náà gbà á, ó tilẹ̀ ń fi yangàn fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mọ́tò àwọn ẹlòmíì ló ń tò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Tirẹ̀ ló tú palẹ̀!

Mọ́tò ìsáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ayé àtijọ́ ni. Ẹlẹ́ni méjì, kò ní òrùlé, imú rẹ̀ gùn bí ti ẹni tó fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ ẹlòmíì wò. Bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀, Jean, ni wọ́n jọ tú u pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun. Jean fi ìwé ìròyìn wé irin kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sí páálí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà, Jean ṣàìsàn, ó sì kú. Bí mọ́tò ṣe kù sínú páálí nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá náà pè mí. Ó ní òun ò ta á, òun fi ta mí lọ́rẹ ni. Ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí n tò ó padà, kí n sì gbé òun dé etí odò ní Barking Riverside lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi bí Jean ṣe máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun. Ó ní kí n má pẹ́ jù. Orúnkún rẹ̀ ti ń wí tẹnu rẹ̀, dókítà sì ti ní ọkàn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ta ló lè sọ pé rárá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Lóòótọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa mọ́tò kò ju kí n da epo sí i lọ. Ṣùgbọ́n mo ní fóònù, fóònù sì ní fídíò.

Ìyàwó mi, Ìyá Tèmi, wò mí tìyanu-tìyanu. “Bàbá Tèmi, mọ́tò yín tó ń rìn, rédíò rẹ̀ ti bàjẹ́ láti àná Ádámù, ẹ ò tún un ṣe. Èyí tó wà nínú páálí lẹ wá fẹ́ tò?”

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú gáréèjì tí mo gbà lọ́wọ́ káńsù lẹ́yìn ilé wa. Ní gbogbo Sátidé, Bàbá Ron á jókòó sórí àpótí pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì, á máa pàṣẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di spánà mú, ó bi mí bóyá èmi àti nọ́ọ̀tì yẹn jọ ní ìjà àtijọ́ kan ni, torí nọ́ọ̀tì ò bá mi jà o! Bí mo bá tú ìwé ìròyìn tí Jean fi wé irin, mo máa ń gbàgbé iṣẹ́, màá máa ka ìròyìn àtijọ́. Á pariwo mọ́ mi pé ìjọba yẹn ti wó tipẹ́, kí n gbé kàbúrétọ̀ wá.

Ká má purọ́, òun ló ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n tó bá ti kan irin, á dúró ṣinṣin. Òun fúnra rẹ̀ ló to ẹ́ńjìnì náà lórí tábìlì títí ó fi pé. Èmi ha ìpẹtà kúrò lára bọ́dì, mo fi táyà àti bíréèkì sí i, sítíárìn náà wọ àyè rẹ̀. Ó wá ku kí a kùn ún ní ọ̀dà. Kí ọ̀dà má bàa ta sára ẹ́ńjìnì, a fi náílọ́ọ̀nù wé e, a gbé e sínú àpótí onígi. Gíábọ́ọ̀sì, àga àti iná wọ inú páálí. Mo fi téèpù dì wọ́n. Torí àwọn tó ń lo gáréèjì ẹ̀gbẹ́ wa, mo kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi sára gbogbo wọn gàdàgbà-gadagba, mo fi “Ẹ RỌRA” kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí, ẹ fojú inú wò ó. Páálí tí wọ́n fi téèpù dì yí po, orúkọ Yorùbá, nọ́ńbà fóònù. Kí ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ lójú yín?

Ó jọ bẹ́ẹ̀ náà lójú Lékan.

Lékan jẹ́ àbúrò wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí à ń lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi kọ̀ǹténà kó ẹrù àwọn èèyàn wa lọ sílé. Ìyá Tèmi fẹ́ fi ìkòkò àti aṣọ ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò sí àyè nínú ilé, a gbé ẹrù náà sí gáréèjì. Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí Lékan pè mí pé èwo ni tiwa nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní èyí tí a dì, tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Mo ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bàbá Ron. Mo pa fóònù, mo padà sídìí ìròyìn tí mo ń kọ.

Ní Sátidé, mo ṣí gáréèjì. Bọ́dì mọ́tò dúró lórí táyà rẹ̀, ibi tí ẹ́ńjìnì yẹ kó wà ṣófo, ó lanu sí mi. Kò sí àpótí, kò sí páálí kankan. Wọ́n tilẹ̀ ti bá mi gbá ilẹ̀!

Mo pe Lékan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o! Ẹrù yín ti wọ kọ̀ǹténà, ọkọ̀ ojú omi ti gbéra.”

“Ẹrù wo?”

“Gbogbo ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ́ńjìnì yẹn gan-an, mo fi fóòmù wé e lọ́tọ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò kí ń fi ẹrù yín ṣeré.”

“Lékan! Ta ló ní kí o gbé ẹ́ńjìnì?”

Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí ní ìbéèrè tí mi ò tíì rí ìdáhùn sí títí dòní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta ló ń tú mọ́tò palẹ̀ ní Dagenham, tó dì í, tó kọ orúkọ sí i, tí kì í ṣe pé ilé ló ń fi ránṣẹ́ sí?”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi bọ́dì sílẹ̀ nígbà náà. Ó ní kọ̀ǹténà ló kún. Ó ní òun tilẹ̀ fẹ́ pè mí láti mọ ọjọ́ tí òun máa wá gbé ìyókù!

Ṣé inú ni kó bí mi ni, tàbí kí n rẹ́rìn-ín? Ìbéèrè wo ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ẹnikẹ́ni? Mo gbà pé ẹlẹ́rìí ló kù. Mo lọ bá Bàbá Ron.

Ẹlẹ́rìí mi ní òun wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ọkùnrin mẹ́rin ló wá, ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Ó rò pé mo ti rí àwọn tó máa kun mọ́tò, pé wọ́n wá kó irin kúrò lọ́nà ni. Òun ló ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa gbà, òun ló kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí gíábọ́ọ̀sì já bọ́. “Wọ́n ń pè mí ní Daddy,” ó ní. “Ta ló ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí? Mi ò ráyè bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ.”

Ìyẹn ni pé bàbá náà bá wọn di ẹ́ńjìnì ara rẹ̀ rù!

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní: “Wálé, ṣé ó máa padà dé kí èmi tó lọ?”

Mo tún gbé fóònù, mo pe Lékan pé kó wá bí ẹ́ńjìnì ṣe máa padà.

Nígbà tí kọ̀ǹténà gúnlẹ̀ sí Apapa, ọ̀rọ̀ di bẹ́ẹ̀-kọ́-bẹ́ẹ̀-kọ́. Ìkòkò ìyá ìyàwó mi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Alhaji tó ń bá Lékan gba ẹrù ní Èkó pè wá pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti tú páálí mi wò. Wọ́n rí ẹ́ńjìnì, wọ́n rí gíá, wọ́n rí àga, wọ́n rí iná iwájú àti ti ẹ̀yìn. Wọ́n ní èyí kì í ṣe sípéà páàtì, odidi mọ́tò ni. Wọ́n ní níbo la fi bọ́dì rẹ̀ pamọ́ sí?

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni obìnrin kan wá láti káńsù, ó ń wo gáréèjì kọ̀ọ̀kan. Ó wo mọ́tò mi. Kò rí ẹ́ńjìnì, kò rí àga, kò rí iná. Ó ní èyí kì í ṣe mọ́tò, pàǹtírí ni, gáréèjì ò sì wà fún pàǹtírí.

Mo ní, “Màdáámù, mọ́tò ni.”

Ó ní, “Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dà?”

Mo ní ó wà ní Èkó. Ó tẹjú mọ́ mi, ó bi mí bóyá ó lọ lo ìsinmi ni. Ó lẹ pépà kan mọ́ ara mọ́tò náà pé wọ́n máa wá wọ́ ọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọkọ̀.

Ẹ gbà mí! Ní London, kì í ṣe mọ́tò. Ní Èkó, mọ́tò tí mo fi ẹ̀tàn gbé wọlé ni.

Alhaji ló kọ́kọ́ mú ọgbọ́n wá. Ó ní kí n kúkú fi bọ́dì ránṣẹ́, pé òun ní mẹ́káníìkì tó máa tò ó kíákíá, tí màá sì rí mọ́tò gùn nígbàkúùgbà tí mo bá wálé. Lékan ní ìmọ̀ràn yẹn dára lójú òun. Ìyá Tèmi ṣe àmín tó dún dé ilé kejì. Ọmọ mi Tèmi tí wọ́n bí síbí nìkan ló bi mí pé, “Daddy, then what about Bàbá Ron?”

Ohun tó wà lọ́kàn mi náà nìyẹn. Bàbá Ron ò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Tí bọ́dì bá tẹ̀ lé ẹ́ńjìnì lọ, etí odò ti di àlá. Mo ní rárá. Lékan náà gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn ilé. Lékan ni, pẹ̀lú àwọn arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo wọn wà nínú sùtánà funfun, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan. Wọ́n ní àwọn wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú òyìnbó. Bàbá Ron bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi wọ́n pé kí ló jábọ́ lọ́wọ́ wọn, kí òun bá wọn wá a.

Nígbà tí ó yé e, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Lékan dìde. “Daddy, ẹ́ńjìnì ò tíì dé. Ẹ wọ mọ́tò yín ná.”

Wọ́n gbé àpótí tó máa ń jókòó lé sínú mọ́tò. Mo fọwọ́ ara mi gbé Bàbá Ron wọ inú rẹ̀, mo jókòó sórí garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di sítíárìn mú. Wọ́n bá fọwọ́ lé ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n ń tì í yí àgbàlá gáréèjì ká, wọ́n ń kọrin, ẹsẹ̀ lásán wọn ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá Ron ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnì! Vúúúú! Bó bá fẹ́ yà, á yí gíá tí kò sí níbẹ̀ padà, ohùn rẹ̀ á sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Tèmi ń ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń nu ojú.

Ibi tí a ti fẹ́ yí igun ni a ti pàdé obìnrin káńsù náà, tó ń bọ̀ wá wo pépà rẹ̀. Bàbá Ron kígbe pé kó kúrò lọ́nà. Ó fò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan yìí ò lè rìn láéláé.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Bí ẹ bá tú ohunkóhun palẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa, kódà kó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé: KÒ RELÉ. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ̀yin wo ni ẹrù yín ti dé ilé kí ẹ̀yin tó dé? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí, kí ojú má ti èmi nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí a fi fọ́tò bọ́dì ránṣẹ́, kí àwọn rí i pé òun àti ẹ́ńjìnì jọ jẹ́ ọ̀kan, àwọn á wá sọ bóyá ó lè padà wá. Mo ti fi ránṣẹ́. Obìnrin káńsù ti yọ pépà rẹ̀ kúrò. Ó ní òun ń bọ̀ ní ìparí oṣù: bí ẹ́ńjìnì bá wà nínú rẹ̀, mọ́tò ni, bí kò bá sí, wọ́n á wọ́ ọ lọ. Ó ní òun ti wo òfin náà dáadáa, kò sí ibi tí wọ́n ti lè ka Bàbá Ron sí ẹ́ńjìnì.