Ojú Ìsun Ihò-Aró

Bí ẹ bá dé Àkàkà Rẹ́mọ ní nǹkan bí ọdún 1978, tí ẹ ní Fábíyìí lẹ ń wá, wọn á bi yín pé Fábíyìí wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Fábíyìí onímòòkùn, kódà ọmọ kékeré á nawọ́ sí ọ̀nà Ihò-Aró fún yín. Láàrin oko obì ni ilẹ̀ ti jìn wọnú níbẹ̀, ihò ràgàjì tí òkúta funfun yí ká, tí omi inú rẹ̀ sì dà bí aró inú ìkòkò. Ìran Fábíyìí ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ayébáyé. Òun ló ń fi okùn sọ àlejò kalẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ bọ́ sómi kí ẹlòmíràn tó bọ́ sí i, òun náà ló sì ń pariwo mọ́ ẹni tó bá mú ọṣẹ dání.

Ará Ìkẹ́nnẹ́ ń wá, ará Ṣàgámù ń wá. Olúsànyà, olùkọ́ kan láti Ìpẹ̀rú, kì í jẹ́ kí ọlidé kan kọjá kó má kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n á fò sómi gbàmù, wọ́n á máa ké nítorí òtútù, Fábíyìí á sì jókòó sórí òkúta, inú rẹ̀ á máa dùn bí ẹni pé òun ló dá omi náà. Ẹ má dá a lẹ́bi. Kò kàwé, kò lówó, oko rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi yẹn nìkan ló ní tó lè fi yangàn.

Àmọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ ju ká fi okùn sọ àlejò kalẹ̀ lọ. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, onímòòkùn gbọ́dọ̀ wọ ìsàlẹ̀ pátápátá lọ, ìwọ̀n ìdúró ọkùnrin mẹ́fà, kó fọwọ́ kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò lójú ìsun tí omi ń gbà jáde. Bí wọn kò bá kó o, ojú ìsun á dí, omi á sì bá ibòmíràn lọ. Ó lé ní ogún ọdún tí Fábíyìí fi ṣe é. Lọ́dún 1980, ó jáde nínú omi tòun ti ẹ̀jẹ̀ nímú àti létí. Dókítà ní bó bá tún wọ ibẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé jáde.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Morónkẹ́, ẹni ogún ọdún. Ọmọ náà mọ mòòkùn ju bàbá rẹ̀ lọ, gbogbo ìlú ló sì mọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ń parí lọ, Morónkẹ́ wá bá a. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́."

"Èèwọ̀ ni. Obìnrin kì í fọwọ́ kan ojú ìsun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi kò rán obìnrin wọ̀ ọ́ rí. Ó tán."

Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́dún yẹn, ó tún kúnlẹ̀ lọ́dún kejì. Olórí kunkun ni Fábíyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa lọ́rì ní Ògèrè, wọ́n ní àwọn ò ráyè omi. Omi náà kò sì dúró dè wọ́n. Ó kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ó ń rùn. Ní ọlidé Àjíǹde ọdún 1982, Olúsànyà kó àwọn ọmọ dé etí ihò, ó fimú gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì dá wọn padà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Fábíyìí dé egungun. Nígbà tó di ọdún 1983, tí oòrùn ń jó oko, omi fà sílẹ̀ dé ìdajì. Ìgbà yẹn ló tó gba Sábó ní Ṣàgámù lọ, sọ́dọ̀ Adérónkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ìyá arúgbó tó ń ṣòwò obì. Ó fẹ́ kó bá òun wá ọkùnrin kan nínú ẹbí.

"Ùwọ Fábíyìí," ni ìyá náà wí, "o lọ́mọ tó mọ mòòkùn lulé, o wá ń wá ọkùnrin kiri?"

"Èèwọ̀ ni, Màmá. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀."

"Èèwọ̀ ta?" Ó gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá tó bí bàbá rẹ ló ń wọ̀ ọ́ títí ó fi darúgbó. Èmi náà wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó relé ọkọ. Bàbá rẹ kò bí obìnrin kankan. Ta ni ì bá rán?"

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọkùnrin yìí kò béèrè, ó kàn fi ohun tí kò rí rí ṣe èèwọ̀. Ó sunkún nínú ọkọ̀ títí ó fi délé, ojú kò sì tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ so okùn mọ́ Morónkẹ́ nídìí. Ọmọ náà wọlẹ̀, ó pẹ́, ó jáde, ó mí, ó tún wọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ló lọ. Nígbà tó jáde kẹ́yìn, ẹrẹ̀ bò ó dé èjìká, ó sì ń gbọ̀n.

"Mo wá a títí, Bàbá. Ẹrẹ̀ ti dì síbẹ̀ gbagidi. Kò síbi tí omi tútù ti ń sun jáde kàn mí lọ́wọ́."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Fábíyìí ní kó gòkè wá, ó tó.

Morónkẹ́ jókòó sórí òkúta, ó nu ojú rẹ̀. "Ká ní mo wọ̀ ọ́ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín ńkọ́?"

Ó wu Fábíyìí kó purọ́. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

"Ojú ìsun ì bá là," ló wí.

Morónkẹ́ tú okùn nídìí, ó kó o lé e lọ́wọ́, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ọdún márùn-ún ni Fábíyìí tún lò láyé. Ọmọ náà ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń kí i láàárọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún bẹ̀ ẹ́ fún ohunkóhun mọ́.